Orí Keje: Láti Ìkẹjà dé Kútọnu, Jíjìnnà àti Àkókò Ìrìn-Àjò Ojú Òfurufú

Ẹ tẹ́ àwòrán ilẹ̀ etí òkun ìwọ̀-oòrùn Èkó síwájú yín. Ẹ fi àmì sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, ẹ fi òmíràn sí pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun ní Kútọnu, lórílẹ̀-èdè Benin, kí ẹ sì fi rúlà fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì. Ìlà yẹn yóò gba àríwá Àgbádárìgì kọjá, ní ibi tí ó fi díẹ̀ lé ní kìlómítà 6 sí ìlú náà. Yóò fo ẹnubodè, yóò gba gúúsù Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, lẹ́yìn náà ni yóò gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Láti Àgbádárìgì sí Ìkẹjà jẹ́ kìlómítà 51.6 bí ẹyẹ ṣe ń fò. Láti Àgbádárìgì sí Kútọnu jẹ́ 55.5. Ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní agbede méjì gan-an.

Ṣùgbọ́n ọmọ Àgbádárìgì tí ó bá fẹ́ wọ bàálù lọ sí Kútọnu kò ní rí i wọ̀ nílé. Yóò kọ́kọ́ kọjú sí ìlà-oòrùn lọ sí Ìkẹjà, kí bàálù tó gbé e padà sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ìlú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀nà kúkúrú yìí ṣe àpẹẹrẹ dípò Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tí ìwé ìṣirò sábà máa ń lò. Tí ọ̀nà bá gùn, a kì í kíyè sí ohun tó ń jẹ àkókò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ìrìn. Nínú ọ̀nà tí kò gùn, ohun gbogbo ni ó hàn kedere, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé jíjìnnà ìlú méjì kì í yí padà, àmọ́ àkókò tí a fi ń rìn ín kò dúró sójú kan.

Ibi tí a wà lórí ilẹ̀ ayé

Látítúùdù ni ó ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Lọ́ńgítúùdù ni ó ń sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ìlà Greenwich, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Dígírì ni a fi ń wọn méjèèjì. Àwọn ibi tí a máa lò nínú orí yìí nìwọ̀nyí:

Ìkẹjà (Murtala Muhammed): 6.577° àríwá, 3.321° ìlà-oòrùn
Àgbádárìgì: 6.417° àríwá, 2.883° ìlà-oòrùn
Kútọnu (Cadjehoun): 6.357° àríwá, 2.384° ìlà-oòrùn
Lomé (Gnassingbé Eyadéma): 6.166° àríwá, 1.255° ìlà-oòrùn
Accra (Kotoka): 5.605° àríwá, 0.167° ìwọ̀-oòrùn
Lọ́ńdọ̀nù (Heathrow): 51.470° àríwá, 0.454° ìwọ̀-oòrùn

Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111.2 níbi gbogbo láyé. Dígírì kan láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlà agbedeméjì ayé ó jẹ́ 111.2, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń lọ sí àríwá tàbí gúúsù ni àwọn ìlà lọ́ńgítúùdù ń súnmọ́ ara wọn, títí wọn yóò fi pàdé ní igun ayé. Nítorí náà, a ó fi kósáìnì látítúùdù ibẹ̀ sọ 111.2 di púpọ̀. Ní etí òkun tiwa, látítúùdù jẹ́ nǹkan bíi 6.5°, kósáìnì rẹ̀ sì jẹ́ 0.9936. Ìyàtọ̀ náà kéré, àmọ́ ẹ má fò ó, nítorí ní Lọ́ńdọ̀nù kósáìnì náà ti já sí 0.62.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ti Ìkẹjà sí Kútọnu. Ìyàtọ̀ látítúùdù wọn jẹ́ 6.577 − 6.357 = 0.220°. Ní kìlómítà, 0.220 × 111.2 = 24.5 sí gúúsù. Ìyàtọ̀ lọ́ńgítúùdù wọn jẹ́ 3.321 − 2.384 = 0.937°. Ní kìlómítà, 0.937 × 111.2 × 0.9936 = 103.5 sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀gbẹ́ méjì onígun mẹ́ta tí igun rẹ̀ kan dúró ṣánṣán nìyẹn. Òfin Pythagoras ni yóò fún wa ní ẹ̀gbẹ́ kẹta:

24.5² + 103.5² = 600.25 + 10,712.25 = 11,312.5

Gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 106.4. Kìlómítà 106.4 ni ó wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì. Ẹ fi wé 51.6 + 55.5 = 107.1, ẹ ó rí i pé bàálù tí ó bá yà gba orí Àgbádárìgì gan-an kò ní fi kìlómítà kan kún ìrìn rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan nípa Accra. Ìlà Greenwich gba Tema kọjá ní ilẹ̀ Ghana, Accra sì wà ní òdìkejì ìlà náà sí wa. Nítorí náà a kì í yọ lọ́ńgítúùdù rẹ̀ kúrò nínú tiwa, ńṣe ni a ń rò wọ́n pọ̀: 3.321 + 0.167 = 3.488°. Ẹni tó bá yọ ọ́ yóò rí Accra tí ó fi nǹkan bí kìlómítà 35 súnmọ́ wa ju bó ṣe yẹ lọ. Èsì tó tọ̀nà fún Èkó sí Accra jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 400. Fún Èkó sí Lomé, 233.

Ilẹ̀ ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ

Òfin Pythagoras ń sọ̀rọ̀ nípa ojú tó tẹ́, ilẹ̀ ayé sì rí róbótó. Fún kìlómítà 106 tàbí 400, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Fún ìrìn-àjò tó gùn, a gbọ́dọ̀ tọ ìlà òbìrìkìtì ńlá, ìyẹn ìlà tí ó máa pín ayé sí méjì ọgbọọgba tí a bá fà á yí po. Ẹ mú bọ́ọ̀lù kan, ẹ fi ọwọ́ di òwú mọ́ ibi méjì lára rẹ̀, kí ẹ sì fà á le. Ibi tí òwú náà bá fara lé ni ọ̀nà tó kúrú jù lọ.

Láti Èkó lọ sí New York, òwú yẹn yóò kọ́kọ́ kọjú sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àwòrán pẹlẹbẹ ń jẹ́ kó dà bíi pé ó yẹ kí bàálù túbọ̀ yà sí ìwọ̀-oòrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 8,440.

Lọ́ńdọ̀nù rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí lọ́ńgítúùdù rẹ̀ kò fi dígírì 4 jìnnà sí tiwa. Ẹ yọ látítúùdù kan kúrò nínú èkejì: 51.470 − 6.577 = 44.893°. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 111.2, ó di 4,992. Ìṣirò òbìrìkìtì ńlá tí a bá ṣe pé yóò fún wa ní 5,004. Méjìlá péré ni a fi ṣì í.

Nínú ìdánwò WAEC, wọ́n sábà máa ń ní kí ẹ fi 6,400 ṣe ìwọ̀n láti àárín ayé dé ojú rẹ̀, kí ẹ sì lo 22/7. Ìyẹn ń sọ dígírì kan di kìlómítà 111.7. Nínú ìwé yìí, 6,371 ni a lò, torí òun ló súnmọ́ òtítọ́ jù. Fún Kútọnu, ìyàtọ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdajì kìlómítà lọ. Fún Lọ́ńdọ̀nù, ó ju 20 lọ. Tí ẹ bá wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, iye tí wọ́n bá kọ sórí ìwé ìbéèrè ni kí ẹ lò.

Máìlì òkun àti nọ́ọ̀tì

Awakọ̀ òfurufú kì í fi kìlómítà ka ọ̀nà. Máìlì òkun ló ń lò, bíi ti àwọn atukọ̀ ojú omi tó ṣáájú rẹ̀. Tí a bá pín dígírì látítúùdù kan sí ọ̀nà 60, ìpín kan níbẹ̀ ni máìlì òkun kan, ó sì jẹ́ mítà 1,852. Máìlì òkun kan ní wákàtí kan ni nọ́ọ̀tì kan. Gíga ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìkẹjà sí Kútọnu jẹ́ 106.4 ÷ 1.852, ìyẹn máìlì òkun 57.

Ìdí tí ìṣẹ́jú 14 fi ń di ìdajì wákàtí

Níbi púpọ̀ láyé, òfin ni pé bàálù kò gbọ́dọ̀ sáré ju nọ́ọ̀tì 250 lọ tí ó bá wà nísàlẹ̀ gíga ẹsẹ̀ bàtà 10,000. Nọ́ọ̀tì 250 jẹ́ kìlómítà 463 ní wákàtí kan. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tètè ṣe ìṣirò rẹ̀: 57 ÷ 250 × 60, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 14 tí kò pé. Òótọ́ ni ìṣirò náà, ṣùgbọ́n kò sí èrò ọkọ̀ kan tó máa fi ìṣẹ́jú 14 dé Kútọnu. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń fa èyí.

Bàálù ńláńlá tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń fò ní gíga tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 30,000, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, epo tí ọkọ̀ ń jẹ níbẹ̀ sì kéré. Kí ló dé tí ti Kútọnu kì í gòkè tó bẹ́ẹ̀? Àwọn awakọ̀ ní ìlànà kan tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀: fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n nílò máìlì òkun 3. Láti 30,000, ìsọ̀kalẹ̀ nìkan yóò gba máìlì 90. Gbogbo ọ̀nà Kútọnu kò sì ju 57 lọ! Bàálù kò lè dé òkè yẹn kí ó tún rí àyè bọ̀ sílẹ̀.

Ká ní ó lọ ní 10,000. Ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ yóò gba máìlì 30, ó ku 27 fún ìgòkè. Ẹ wá wo ibi tí máìlì 27 yẹn dé lójú àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Àgbádárìgì gan-an ni. Níbi tí bàálù náà ti parí ìgòkè rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀. Kò sí ibì kankan nínú ìrìn náà tó ti ń lọ geere lórí ìwọ̀n kan bó ṣe máa ń ṣe lójú ọ̀nà jíjìn. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, èyí ni ó wù mí jù kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò.

Ọ̀rọ̀ rọ́nwéè, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra tí ó sì ń balẹ̀ sí, náà tún wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sórí rọ́nwéè ń tọ́ka sí ibi tó kọjú sí: 18 jẹ́ dígírì 180, ìyẹn gúúsù, 36 jẹ́ àríwá. Rọ́nwéè méjì ni Ìkẹjà ní, 18 àti 36 sì ni orí àwọn méjèèjì. Ọ̀kan gùn ní mítà 3,900, èkejì 2,743. Bàálù máa ń dojú kọ afẹ́fẹ́ kí ó tó gbéra àti kí ó tó balẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ níwájú ló ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró lókè nígbà tí eré rẹ̀ bá kéré. Ní ọ̀pọ̀ oṣù inú ọdún, láti orí òkun ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ wa ti ń fẹ́, torí náà gúúsù ni bàálù sábà máa ń kọjú sí bó bá ń kúrò ní Ìkẹjà. Kútọnu wà ní nǹkan bíi dígírì 257, ìwọ̀-oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù. Bàálù náà ní láti yí sí apá ọ̀tún kí ó tó rí ọ̀nà rẹ̀, ìyẹn sì ń jẹ ìṣẹ́jú.

Ní Cadjehoun, rọ́nwéè ń jẹ́ 06 àti 24. Dígírì 240 kò jìnnà sí 257. Tí afẹ́fẹ́ òkun bá ń fẹ́, bàálù tó bá ti Ìkẹjà bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè lọ tààrà balẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ó di dandan kí ó kọjá Kútọnu, kí ó yí padà lókè, kí ó tó bọ̀ sórí 06. Ọ̀nà kan náà, jíjìnnà kan náà, àmọ́ àkókò ti yàtọ̀.

Ẹ wá fi ìgbà tó ń rìn lórí ilẹ̀ kún un. Àkókò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́, ó sì parí síbi tí yóò dúró sí kí èrò bọ́ sílẹ̀. Rírìn lọ síbi ìgbéra, dídúró de àwọn tó wà níwájú, dídín eré kù kí ó tó balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrìn ìṣẹ́jú 14 kì í fi í sábà dín sí ìdajì wákàtí lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá dúró sí Màríínà Àgbádárìgì

Iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe lójú ọ̀sà, láìsí ẹ̀rọ kankan. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí omi, ẹ kọjú sí àríwá. Tí bàálù Kútọnu bá ń tọ ìlà tí a fà, ó máa kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 6.2 sí yín, ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 3. Ẹ ó rí i ní nǹkan bíi dígírì 26 sókè láti ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Láti ojú yín dé ara rẹ̀ gan-an jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 7.

Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró bàálù náà yóò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ó tó dé etí yín. Láàárín ìgbà yẹn, bàálù tó ń sá ní mítà 129 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti fi kìlómítà méjì àti ààbọ̀ lọ síwájú. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé tó bá gbọ́ ìró tó sì gbójú sókè síbi tí ìró ti wá kì í rí bàálù níbẹ̀. Kí ó wo iwájú díẹ̀, lápá ìwọ̀-oòrùn, yóò rí i.

Kì í ṣe gbogbo bàálù ló ń tọ ìlà náà o. Àwọn òṣìṣẹ́ NAMA tó ń darí ọkọ̀ lójú òfurufú ilẹ̀ wa lè ní kí awakọ̀ gba orí òkun, tàbí kí ó dúró ní gíga mìíràn, kí òun àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ má baà pàdé.

Afẹ́fẹ́

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè pé, nígbà tí ayé ń yí sí ìlà-oòrùn, ṣé bàálù kò kàn lè dúró sójú kan lókè kí Kútọnu fúnra rẹ̀ wá bá a níbẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Ní látítúùdù tiwa, ilẹ̀ ń yí ní nǹkan bíi kìlómítà 1,650 ní wákàtí kan. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ń bá ilẹ̀ yí, bàálù sì wà nínú afẹ́fẹ́ náà. Yíyí ayé kò fi kún eré rẹ̀, kò sì yọ nínú rẹ̀. Ohun tó ń kàn án ni bí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ bá ń rìn lórí ilẹ̀.

Ká sọ pé bàálù kan ń fi kìlómítà 600 ní wákàtí kan lọ sí Accra, tí afẹ́fẹ́ ìwọ̀-oòrùn tó ń sá ní 60 dojú kọ ọ́. Eré rẹ̀ lórí ilẹ̀ di 540. 400 ÷ 540 × 60 jẹ́ ìṣẹ́jú 44.4. Nígbà tó bá ń padà, afẹ́fẹ́ yẹn ń tì í lẹ́yìn, eré rẹ̀ di 660, ó sì fi ìṣẹ́jú 36.4 dé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80.8. Ká ní kò sí afẹ́fẹ́ rárá, àlọ àti àbọ̀ ì bá jẹ́ 80 géérégé. Ohun tí afẹ́fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa ní àlọ pọ̀ ju ohun tó dá padà ní àbọ̀ lọ, nítorí pé ìgbà tó ń dí wa lọ́wọ́ pẹ́ ju ìgbà tó ń ràn wá lọ́wọ́ lọ.

Ọyẹ́ ní ìnira mìíràn tí kò sí nínú ìṣirò. Eruku tó ń bọ̀ láti aṣálẹ̀, pàápàá láti àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Chad, lè bo rọ́nwéè débi pé awakọ̀ kò ní rí i. Láàárín oṣù Ọ̀pẹ àti Èrèlé, bàálù tí ìrìn rẹ̀ kò tó wákàtí kan lè fi ọ̀pọ̀ wákàtí dúró sílẹ̀.

Aago

Nàìjíríà àti Benin ń lo aago kan náà, tó fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich. Togo àti Ghana ń lo ti Greenwich gan-an. Bàálù tó bá gbéra ní Ìkẹjà ní aago 10:00 òwúrọ̀, tó sì fi wákàtí kan dé Accra, yóò bá aago 10:00 òwúrọ̀ níbẹ̀. Tó bá fi ìṣẹ́jú 50 dé Lomé, aago 9:50 ni ara ògiri pápákọ̀ yóò máa sọ. Kò sí idán níbẹ̀. Lójú ọ̀nà àbọ̀ ni a ó san gbèsè wákàtí náà: ẹni tó kúrò ní Accra ní 10:00 yóò bá aago 12:00 nílé.

Oòrùn fúnra rẹ̀ kò mọ ẹnubodè. Ó ń fi wákàtí kan rin dígírì 15, ìyẹn ìṣẹ́jú 4 fún dígírì kan. Láti Ìkẹjà sí Kútọnu jẹ́ 0.937°, torí náà oòrùn Kútọnu ń pẹ́ lẹ́yìn tiwa ní ìṣẹ́jú mẹ́rin tí kò pé, kódà nígbà tí aago méjèèjì ń sọ ohun kan náà. Kí ìdàrúdàpọ̀ má baà sí, aago Greenwich nìkan ni àwọn awakọ̀ òfurufú fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kárí ayé.

Ọ̀nà tí a dí lójú òfurufú

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ni òfurufú tó wà lókè rẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n ti òfurufú ibẹ̀ pa. Ọ̀nà tààrà láti Yúróòpù sí Nàìjíríà sì ń gba agbègbè yẹn kọjá. Àwọn bàálù tó ń bọ̀ ní láti yà gba ọ̀nà tó gùn jù, òmíràn tilẹ̀ padà síbi tó ti gbéra, kí wọ́n tó ṣí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Òwéwè. Kìlómítà 5,004 tí a ṣírò fún Lọ́ńdọ̀nù kò yí padà ní gbogbo oṣù yẹn, ṣùgbọ́n kò sí bàálù tó lè rìn ín.

Lórí ilẹ̀ náà, ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Oṣù Ògún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀, Sẹ̀mẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Kútọnu sì wà lára wọn. Oṣù Ọ̀pẹ 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnubodè wà ní títì yẹn, ẹni tó ní owó àti ìwé ìrìnnà ṣì ń wọ bàálù, àfi nígbà tí àrùn Kòrónà dá bàálù náà dúró ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020. Àwọn ẹ̀yà Ògù ní Àgbádárìgì tí ìbátan wọn wà ní Àjàṣẹ́, tí ìlà àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ọdún 1889 pín sí méjì, ni ìrora rẹ̀ kàn jù.

Láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé

Ìwé tó bá dúró lórí pápákọ̀ sí pápákọ̀ nìkan kò tíì dáhùn ìbéèrè arìnrìn-àjò. Ohun tí ìyá oníṣòwò fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí òun máa dé ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí:

àkókò gbogbo = àkókò orí méjèèjì + (jíjìnnà ÷ eré)

Àkókò orí méjèèjì ni ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kí a tó dé pápákọ̀, ìlà tí a tò láti gba ìwé ìwọkọ̀, àyẹ̀wò ẹrù, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà, àti ìjáde lọ́hùn-ún. Jíjìnnà kò kàn án. Bóyá Kútọnu la ń lọ ni tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ìlà kan náà la máa tò.

Ká fi wákàtí 4.5 ṣe é fún bàálù, pẹ̀lú eré kìlómítà 600. Ká fún mọ́tò ní wákàtí 1 ní ẹnubodè, kí ó sì máa fi 50 ní wákàtí kan rin ìlà tààrà tí a fà. Jíjìnnà wo ni wọn yóò ti dọ́gba?

4.5 + d/600 = 1 + d/50
3.5 = d × 11/600
d = 191

Tí ìlú kan kò bá tó kìlómítà 191 sí wa, mọ́tò ló máa tètè dé. Kútọnu jẹ́ 106, mọ́tò ló borí. Lomé jẹ́ 233, bàálù fi díẹ̀ ṣáájú, bẹ́ẹ̀ a ò tíì ka ẹnubodè kejì tí mọ́tò máa bá pàdé ní Hilla-Condji, láàárín Benin àti Togo. Accra jẹ́ 400, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀: bàálù yóò lo nǹkan bí wákàtí 5, mọ́tò yóò lo 11 bí a bá ka ẹnubodè mẹ́ta sí wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Fún ará Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Àkókò orí tirẹ̀ ní ìrìn sí Ìkẹjà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì nínú. Ká sọ pé ó lo wákàtí 2.5 lójú ọ̀nà, 3 nínú pápákọ̀, ìṣẹ́jú 40 nínú bàálù àti 45 kí ó tó jáde. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 7, fún ìlú tó wà ní kìlómítà 55.5 sí ilé rẹ̀. Eré rẹ̀ láti ilé dé ọ̀hún jẹ́ kìlómítà 8 ní wákàtí kan. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ etí òkun yìí mọ ìṣirò yìí dáadáa, torí òun ni wọ́n máa nílò lọ́jọ́ tí wọ́n bá di ẹni tó ń pinnu ibi tí a ó kọ́ pápákọ̀ sí, tàbí ibi tí ojú irin máa gbà. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Màríínà Èkó dé Mile 2 ní oṣù Òwéwè 2023 ni wọ́n ṣètò láti fà dé Òkókómáìkò. Bí ó bá dé ibẹ̀, kì yóò dín kìlómítà kankan kù, ṣùgbọ́n yóò dín àkókò orí kù.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ lo ìwọ̀n tó wà nínú orí yìí láti ṣírò jíjìnnà Kútọnu sí Lomé ní kìlómítà àti ní máìlì òkun. Kí ni gíga tó pọ̀ jù tí bàálù lè dé bí ìsọ̀kalẹ̀ bá gbọ́dọ̀ gba ìdajì ọ̀nà náà?

2. Bàálù kan kúrò ní Lomé ní aago 4:20 ìrọ̀lẹ́, ó sì fi ìṣẹ́jú 50 dé Ìkẹjà. Kí ni aago Ìkẹjà ń sọ nígbà tó balẹ̀?

3. Àwọn ìjọba ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń ṣètò ọ̀nà márosẹ̀ tuntun láti Abidjan sí Èkó, tí yóò gùn ní nǹkan bíi kìlómítà 1,028. Ká ní ọ̀nà náà sọ eré mọ́tò di 80 dípò 50. Ẹ tún ìṣirò d ṣe. Níbo ni Lomé wà nísinsìnyí, lápá mọ́tò ni tàbí lápá bàálù? Ká wá ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti ti Hilla-Condji kò gba ju ìṣẹ́jú 10 lọ lọ́kọ̀ọ̀kan ńkọ́?

4. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ná ọjà Kútọnu déédéé nípa àkókò tó ń lò láti ilé dé ọjà, kí ẹ pín in sí àkókò ojú ọ̀nà àti àkókò ìdúró, kí ẹ sì fi iye rẹ̀ rọ́pò èyí tí a lò nínú ìwé yìí.